Ọbẹ̀ Tí N Kò Tọ́ Wò

Nínú agbo ilé tí wọ́n bí mi sí ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, a kì í jẹ elégédé. A kì í gbìn ín, a kì í fi ewé gbọ̀rọ̀ rẹ̀ se ẹ̀fọ́, a kì í tiẹ̀ gbé e kọjá ìloro. Bí àlejò tí kò mọ̀ bá gbé e wá kí wa, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á dúpẹ́ gidigidi, bó bá sì ti yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á gbé e fún ará ilé kejì. Èèwọ̀ ìdílé bàbá mi ni. Mo bá a níbẹ̀ ni, n kò sì bèèrè ìdí rẹ̀, bí n kò ṣe bèèrè ìdí tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa fi kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ga ló ń forí gbá a.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́ ìyá mi. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà látilẹ̀wá, ó sì lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìlera. Èmi náà jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ rí. Ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ìyeyè ya elégédé sójú pátákó, á kùn ún dáadáa, á fi ọ̀pá tọ́ka sí i, àwa náà á sì máa ké tẹ̀lé e pé elégédé ń ṣe ojú lóore, elégédé ń ṣe awọ ara lóore. Bí a bá délé, iṣu la máa ń jẹ.

Mo dàgbà, mo lọ kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ, mo sì ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé ìwòsàn kékeré kan, níbi tí mo ti ń la àwọn aláboyún àti àgbàlagbà lọ́yẹ̀ nípa ohun tó yẹ kí wọ́n máa jẹ. Àwòrán elégédé ńlá kan wà lára ògiri lẹ́yìn àga mi. Mo máa ń ní kí wọ́n ro ti àdá tí èèyàn gbàgbé síta. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí yìí náà ló máa mú un dípẹtà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa lójoojúmọ́, torí bí ara ṣe ń lo afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ, ìdọ̀tí kéékèèké kan máa ń jáde lára iṣẹ́ náà, wọ́n á sì máa jẹ ibi tó dáa nínú ara. Àwọn èròjà kan wà nínú ewébẹ̀ àti èso tó ń ṣe bí epo tí àgbẹ̀ fi ń pa àdá lára, tí kì í jẹ́ kí ìpẹtà náà tètè ràn. Èyí tó mú kí inú elégédé pọ́n bí ọsàn yẹn wà lára wọn, ara sì tún ń yí i padà sí fítámì tí ojú ń lò. Ewé gbọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, hóró inú rẹ̀ náà ní. Mo máa ń ní kí wọ́n fi epo díẹ̀ sè é kí ara lè rí i gbà dáadáa, pé oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn, kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Àwọn ìyá á máa mi orí. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé báwo ló ṣe rí lẹ́nu. Bí wọ́n bá bi mí, n kò ní mọ ohun tí mo máa wí.

Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi kò kúrò nílé ọkọ. Ó ṣì wà ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, nínú yàrá méjì tó kọjú sí òkè Màpó, òun àti àwọn ìwé rẹ̀ àti rédíò rẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn jù lẹ́yìn àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ni kí wọ́n pè é kó wá ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń kà á bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kì í kánjú. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ka ẹsẹ kan, ó tún un kà, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn èèyàn rò pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ni. Èmi tí mo jókòó níwájú rí i pé ìka rẹ̀ ń wá ìlà tó kàn, kò rí i.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún ló ti ń gbó. Ó fún un ní awò tuntun, ó dá ọjọ́ tó máa padà wá fún un, ó wá ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa àti àwọn oúnjẹ tí inú wọn pọ́n bí ọsàn.

“Kò lè dá èyí tó ti lọ padà o, Màmá,” ló wí, “ṣùgbọ́n ó lè ran èyí tó kù lọ́wọ́.”

Ó dárúkọ kárọ́ọ̀tì, ó dárúkọ elégédé. Ìyá mi gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Bí a ṣe jókòó sínú mọ́tò ni mo bẹ̀rẹ̀. “Màámi, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí.”

“Mo gbọ́. Màá jẹ kárọ́ọ̀tì.”

Ó jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Eyín rẹ̀ kò gba èyí tó tútù, ó sì ní èyí tí a bọ̀ kò ládùn kankan. Kí n má purọ́, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó ń jẹ ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n náà sì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n orí kunkun mi ti lẹ̀ mọ́ elégédé. Inú mi máa ń tètè ru, bí èmi àti ìyá mi bá sì ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, n kì í fẹ́ kó borí.

“Ṣé ilé yìí ni wọ́n bí yín sí ni?” Mo bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i. “Ṣebí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí yín sí. Èèwọ̀ yìí ò kàn yín rárá.”

“O ò mọ ohun tó kan èèyàn.”

“Ẹ ń jẹ ẹ̀gúsí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ìyá elégédé ni ẹ̀gúsí. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni apálá, ọmọ ìyá rẹ̀ ni igbá tí wọ́n fi ń bu omi. Ejìnrìn tó korò yẹn, tí ẹ fi ń wẹ̀ wá nígbà tí a wà ní kékeré, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún. “Ẹni tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n, ṣé dandan ni kó tún fẹ́ àbúrò?”

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi. Mo gbà lọ́kàn mi pé agídí àgbà lásán ni. Kì í ṣe ọmọ ilé bàbá mi, kò sì sí ohun tí elégédé lè fi ṣe é ju kó ṣe é lóore. Bí kò bá fẹ́ fi ojú rí i, mo máa fi pamọ́ fún un nínú ọbẹ̀.

Ọjà'ba ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà kan to elégédé sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ń fi ìka kàn án wò. Ìyá náà ò wo elégédé, èmi ló ń wò.

“Mo mọ iwájú orí yìí,” ló wí. “Ọmọ ilé tí wọn kì í jẹ ẹ́ ni ẹ́. Ta lo fẹ́ rà á fún?”

Mo ní ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló rán mi.

“Kí ọ̀gá ẹ wá rà á fúnra ẹ̀.”

Bí mo ṣe fi Ọjà'ba sílẹ̀ nìyẹn. Mọ̀lété, nítòsí ibi tí mo ń gbé, ni mo ti rí èyí tí mo rà, mo sì gbé e sínú báàgì ilé ìwé tí ọmọ mi kò lò mọ́. Mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, bí ẹni tó jí ìkòkò gbé.

Bí mo ṣe là á, inú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń dán. Mo yọ hóró rẹ̀ sọ́tọ̀, mo bó èèpo, mo bọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́ mọ́ tàtàṣé àti ata rodo nínú bílẹ́ńdà. Àwọ̀ wọn ò yàtọ̀. Mo dín in, mo fi irú àti ẹja gbígbẹ sí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó wá ku iyọ̀. Mo bu díẹ̀ sórí ṣíbí, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo gbé e dé ẹnu. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀. Èmi tí mo ń jókòó síwájú àwòrán elégédé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èmi tí mo ń pe èèwọ̀ ní ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́, n kò lè ya ẹnu. Ọkọ mi tí ì bá bá mi tọ́ ọ wò ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn. Mo da ọbẹ̀ orí ṣíbí padà sínú ìkòkò, mo fojú díwọ̀n iyọ̀, mo dé e.

N kò bi ara mi pé kí ló dé tí ohun tí n kò lè fi ahọ́n kàn fi yẹ ìyá mi. Ohun tí mo ń tún sọ nínú ara mi ni pé èmi ni ọmọ ilé, òun kọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ọbẹ̀ náà lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀ nínú kúlà. Mo kọjá ìloro pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi fi jẹ ìrẹsì. Ní òkèlè kìíní, ó wo inú abọ́ náà, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Mo ní màá ṣàtúnṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo fi sínú ọ̀lẹ̀lẹ̀, kò sì sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Lọ́sẹ̀ kẹrin, kò sọ̀rọ̀ iyọ̀, ó kàn bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ó yẹ kí n fura. Láti kékeré, bí mo bá ń dáná, bí ìdajì ìkòkò ló ń bá títọ́wò lọ. Ìyá mi ti fi ọmọrogùn lé mi kúrò nídìí ìkòkò lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní bí mo bá wọ ilé ọkọ, wọn ò ní rí ẹran jẹ.

Ní Sátidé karùn-ún, ó gbé abọ́ méjì jáde. Ó bu ìrẹsì sínú méjèèjì, ó da ọbẹ̀ lé e, ó ti ọ̀kan sí mi.

“Mo ti jẹun kí n tó wá, Màámi.”

“Bí o ṣe jẹun kí o tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Má jẹ ẹ́. Tọ́ iyọ̀ inú ẹ̀ wò fún mi.”

Mo mú ṣíbí. Mo tún gbé e kalẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ìyá mi nawọ́ pa á.

“Elégédé ni,” ló wí.

“Ẹ má bínú, Màámi.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Mo ti ní èsì tí mo máa fọ̀, nípa ojú rẹ̀, nípa dókítà, nípa ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ mi. Kò bá mi wí. Ó dìde, ó mú fóònù rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń wá orúkọ. Ó pe àbúrò mi obìnrin ní Èkó, ó bi í bóyá ara rẹ̀ le, bóyá àwọn ọmọ ń jẹun. Ó ní kò sí nǹkan, òun kàn ní kí òun kí wọn ni. Ó pe àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin tó wà ní Abẹ́òkúta. Ìyẹn kì í gbé fóònù títí èèyàn fi pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá mi pè é, ó dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é. Nígbà tó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá mi jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Ṣé o rò pé èmi lèèwọ̀ yẹn máa bá ni?” Ó bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi fóònù sílẹ̀. “Ìyàwó kì í ṣe ọmọ ilé. Bí ìyàwó bá jẹ ẹ́, ọmọ tó bí fún wọn ló ń bá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí ni ìyá bàbá yín pè mí sí kọ̀rọ̀ tó sọ fún mi.”

“Ẹ sì gbà á gbọ́? Ẹ̀yin tíṣà?”

“N kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò gbà á gbọ́ dòní. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Èwo nínú yín ni kí n fi dán an wò?”

Ó wá sọ èyí tí n kò gbọ́ rí. Ó ní nílé àwọn ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, elégédé ni ìyá òun máa ń sè lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú irú àti edé, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun sì máa ń jà torí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò sí oúnjẹ tí òun fẹ́ràn tó o. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n gbé òun lọ sílé ọkọ, ìyá òun gbé ìkòkò kan kaná fún òun nìkan, ó ní kí òun jẹ ẹ́ yó, ó di gbére.

“Lọ́jọ́ kìíní tí o gbé e wá, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu,” ló wí. “Mo ní rárá o, ọmọ mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo ní ahọ́n arúgbó ló ń tàn mí. Iyọ̀ ló tú àṣírí ẹ. Ohun tó lè mú kí ìwọ gbé ìkòkò kaná, kí o má tọ́ ọ wò, kò lè pọ̀.”

Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà sí Mọ̀lété. Mo ti ń fi ojú òpè wo ìyá mi láti ọjọ́ yìí wá. Ó fi oúnjẹ tó fẹ́ràn jù láyé sílẹ̀ tìtorí mi, ó ń yà á sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún dé ọdún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Kò bá mi jà. Bí mo bá gbé kúlà dé, ó máa ń gbà á lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ní mo ṣeun, Ọlọ́run á bù sí i, kí n sì tó padà dé láti ibi tí mo ti lọ kí àwọn ará ilé, ó ti gbé e fún àwọn ayálégbé ẹ̀yìnkùlé. Mo ti di àlejò tó gbé elégédé wọlé. Ó dùn mí ju kó nà mí lọ. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ojú fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ohun tí mo ń wá ni kí ìyá mi tún jẹun lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó pé oṣù kan, mo lọ bá Bàbá Mọ́gàjí. Àbúrò bàbá mi ni, òun sì ni olórí ẹbí wa báyìí. Mùsùlùmí ni, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó sì máa ń jókòó sí ìloro lórí àga onírọ̀gbọ̀kú pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín tàbí kó bú mi. Ó kàn ń ka tẹ̀sùbáà lọ.

“Bàbá, kí ló dé tá a kì í jẹ ẹ́ gan-an?”

“Àwọn kan ní ìtàkùn ẹ̀ ló bo ẹni tó ṣẹ̀ wá mọ́lẹ̀ nígbà ogun, tí wọn ò fi rí i mú. Àwọn kan ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní a kì í jẹ ẹ́, èmi náà ní a kì í jẹ ẹ́.” Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀. “Gbé mi dìde, ká lọ bá ìyàwó mi.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i bó ṣe wọlé. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.” Bó ṣe ń pe gbogbo ọmọ ilé náà nìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹni tó tó bí lọ́mọ. Bàbá jókòó.

“Ìyàwó, mo gbọ́ wàhálà tó wà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ yín. Èmi ò lè ní kí ẹ jẹ ẹ́. Èmi fúnra mi ò ní jẹ ẹ́ láé, ó ti pẹ́ jù fún mi. Àmọ́ n ò lè ní kí ẹ má jẹ ẹ́ mọ́ náà. Àwọn ọmọ tí ẹ ń ṣọ́ ti hu ewú. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló ń bá, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀.”

Àwọn méjèèjì wò mí. Mo ní n kò bẹ̀rù. Ìyá mi ní irọ́ ni mò ń pa, òun rí mi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo ní ó dáa, mò ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n màá jẹ ẹ́.

Ìyá mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. “Bó bá máa jẹ ẹ́,” ló wí fún Bàbá, “ojú mi ló ti máa jẹ ẹ́. Èmi ni mo sì máa sè é. Ọbẹ̀ rẹ̀ ò dáa.”

A kò lè gbé e kọjá ìloro, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ní Mọ̀lété ni ìyá mi wá, òun àti báàgì aṣọ kékeré kan. Ó lọ ra elégédé fúnra rẹ̀. Ó kan èyí tó tó mẹ́fà lára kó tó mú ọ̀kan. Nílé, ó lé mi kúrò nídìí ọbẹ, ó ní èmi ń bó èèpo rẹ̀ nù mọ́ èyí tó ṣeé jẹ. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ da hóró rẹ̀ nù, ó gbà á, ó fọ̀ ọ́, ó yan án nínú páànù dídín, ó bi mí bóyá kì í ṣe hóró yìí ni àwọn èèyàn ń rà nínú ọ̀rá olówó ńlá báyìí, tí àwọn ń dà sílẹ̀ fún adìẹ nígbà náà. Ó sè é pẹ̀lú irú àti edé. Ó ń tọ́ka sí ìkòkò, ó ń ṣàlàyé, mo sì tún padà di ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò tọ́ ọ wò. Ó bu iyọ̀ sí i, ó yíjú sí mi.

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ òkèlè kìíní pẹ̀lú ojú tí mo dì. Ó rọ̀, ó dùn díẹ̀ bí ọ̀dùnkún, irú sì gbé e sókè. Ohun tí mo ti ń polówó láti ọdún yìí wá rèé. Mo jẹ òkèlè kejì, mo la ojú. Ìyá mi ò wo abọ́ náà, ọrùn mi ló ń wò, bí oúnjẹ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá.

“Iyọ̀ ẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ṣe rẹ́gí, Màámi.”

Mo bu tirẹ̀ fún un. Ó fi abọ́ mìíràn dé e, ó gbé e sínú fíríìjì. Ó ní ó di ọ̀la.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ yàrá mi, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi, ó fi kan iwájú orí mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibà bá ń ṣe wá ní kékeré. Mo ti jí, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tó ń sùn. N kò fẹ́ kó gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó dúró títí tó fi gbọ́ pé mò ń mí dáadáa, ó wá jáde.

Nígbà tí mo dìde lọ bá a, ó ti jókòó sí ilé ìdáná. Abọ́ elégédé wà níwájú rẹ̀, ó ti gbé e gbóná, ṣíbí wà nínú rẹ̀. Fóònù ló wà létí rẹ̀. Àbúrò mi ní Èkó ti dáhùn, ara wọn le. Ó ń pe àbíkẹ́yìn. Ó dún títí, kò gbé e. Ìyá mi mú ṣíbí, ó tún gbé e kalẹ̀, ó tún pè é. Kò gbé e. Èmi náà jókòó, mò ń gbàdúrà fún ọmọkùnrin tó ti ní ọmọ méjì, tí n kò sì rò pé nǹkan kan ń ṣe.

Lẹ́ẹ̀kẹta, a gbọ́ ohùn rẹ̀. Oorun ṣì wà nínú rẹ̀. “Màámi, ṣé kò sí o? Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.”

“Kò sí nǹkan kan,” ni ìyá mi wí. “Padà lọ sùn.”

Ó fi fóònù sílẹ̀, ó mú ṣíbí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wá fi ìka lá abọ́ náà.